Ìlú Tí Wọ́n Kọ́ Fún Àlejò Oníṣẹ́ Ọnà

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2 lónìí yóò gba Alábà àti Orílé kọjá kó tó kan ibùdókọ̀ Tíátà ní Ìgànmú, lẹ́yìn náà ló máa dé Marina. Kìlómítà 13 ni gbogbo ọ̀nà náà, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 sì ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa kà á sí. Síbẹ̀, ilé ńlá tó wà ní Ìgànmú yẹn àti Festac Town tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 2 níhìn-ín, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ayẹyẹ kan náà ló bí wọn: FESTAC '77, ayẹyẹ àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú. Tíátà jẹ́ ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà yóò ti ṣeré, Festac sì jẹ́ ibi tí wọn yóò sùn sí.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni ayẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Àwọn tó wá kópa lé ní 15,000, orílẹ̀-èdè tí wọ́n sì ti wá lé ní 50. Ilẹ̀ Àwórì ni ibi tí wọ́n dé sí. Ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ náà, àjọ Federal Housing Authority kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé síbẹ̀, wọ́n la títì, wọ́n ri páìpù omi mọ́lẹ̀. Nígbà tí àlejò tú ká, wọ́n ṣẹ́ gègé láti pín ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Avenue, àwọn Road àti àwọn Close tí à ń gbé lónìí ṣe di tiwa. Lójoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ìjọba ìbílẹ̀ tí Festac wà nínú rẹ̀, ń jí nínú ilé tí wọ́n kọ́ de ayàwòrán, onílù, oníjó àti akéwì.

Àwọn àlejò wọ̀nyẹn kò lọ lọ́wọ́ òfo. Gilberto Gil, olórin ọmọ Bràsíìlì, wà lára wọn. Nígbà tó padà délé, ó gbé àwo orin tó pè ní Refavela jáde lọ́dún yẹn kan náà, ìrìn àjò rẹ̀ sí Èkó ló sì fún un ní èrò rẹ̀. Ó padà di mínísítà àṣà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ láti ọdún 2003 sí 2008. Marilyn Nance, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà wá, ó ya àwòrán rẹpẹtẹ, àwọn àwòrán náà sì di ìwé lọ́dún 2022. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Festac ṣe rí nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lè lọ wò ó níbẹ̀.

Kí ló wá kù sọ́wọ́ àwa tí a gbàlejò? Ilé ló kù. Ilé kì í ṣe nǹkan kékeré ní Èkó, n kò sì fojú tín-ínrín rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré gan-an wáyé ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ní Tafawa Balewa Square àti ní Ìgànmú. Àwọn ará Amúwo tó ti wà níbẹ̀ kí ilé tó dé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé irú iṣẹ́ ọnà wo ni wọ́n fẹ́ kí àlejò bá wọn ṣe. Ọjọ́ 29 kò tó fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là sí ìlú.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ yìí ló gbé wa dé ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ̀ dáadáa, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń pè ní rẹ́sídẹ́ńsì. Bó ṣe ń lọ nìyí. Àjọ kan, tàbí ẹnì kan tó lówó, á pèsè yàrá, ibi iṣẹ́ àti owó oúnjẹ. Wọn á kéde, àwọn oníṣẹ́ ọnà á kọ̀wé béèrè. Ẹni tí wọ́n bá mú á di ẹrù rẹ̀, á wá gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, á sì máa ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé mélòó lo tà. Àkókò àti ààyè ni wọ́n fún un.

Ó ti wà nítòsí wa. Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London lọ́dún 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, dá ọ̀kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ G.A.S. Foundation, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò lọ́dún 2022. Ilé kan wà ní Oniru, èkejì wà lórí oko ní Ikise, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń gbé láàárín ibi tí wọ́n ti ń dáko. Láti ọdún 1998 sì ni Bruce Onobrakpeya, àgbà oníṣẹ́ ọnà, ti ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ nígbà ọyẹ́ sí ìlú rẹ̀ Agbarha-Otor ní ìpínlẹ̀ Delta, kí wọ́n jọ máa gbé, kí wọ́n jọ máa kọ́ṣẹ́ lára ara wọn.

Ẹ̀ka kan wà nínú rẹ̀ tó kan àdúgbò bíi tiwa jù. Nínú ẹ̀ka yìí, oníṣẹ́ ọnà kì í ti ara rẹ̀ mọ́lé láti ya àwòrán tí ẹnì kan máa gbé kọ́ sára ògiri. Àárín àwọn ará àdúgbò ló ń gbé, ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ló fi ń ṣiṣẹ́: omi, ọ̀nà, ìrántí, ìjà tí kò tíì tán. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn á fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, wọn á sì lẹ́nu nínú ohun tó máa dà.

Fún Yorùbá, ìdajì ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú lọ́dún 1938, kì í jókòó sí ìsọ̀ de oníbàárà. Ọba ló ń ránṣẹ́ pè é. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló wà, ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin náà. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn dé ìpàtẹ ńlá ní Wembley lọ́dún 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ gbà á, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọba ló bẹ̀wẹ̀, ọba ló yan ohun tó fẹ́. Nínú èyí tí mò ń sọ, gbogbo àdúgbò ló wà nípò ọba.

Òṣogbo ti fi bó ṣe ń rí hàn wá. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Kò wá fún ọjọ́ 29. Ó dúró títí ó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, Àdùnní Olórìṣà sì ni ìlú ń pè é. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, àwọn agégi àti àwọn tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà kọ́lé ti ń rọ́ wọ inú rẹ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí, káfíńtà ni Buraimoh Gbadamosi, ilé agbẹ́gilére ni Kàsálí Àkàngbé ti wá. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ère àti ògiri tí gbogbo ayé ń lọ wò. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO sì kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ lára ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Igi ṣì wà níbẹ̀ nítorí pé ère wà níbẹ̀.

Ní ìlú yẹn kan náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1962 nínú ilé Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé. Lọ́dún 1964, Georgina Beier, ayàwòrán láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe àwọn ọ̀dọ́ jọ sí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀, wà níbẹ̀. Múráínà Oyèlámì wà níbẹ̀, Twins Seven Seven náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ díẹ̀ yẹn nìkan ló sọ wọ́n di ẹni tí ayé mọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ parí, Georgina kò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó ń bẹ iṣẹ́ wọn wò, ó sì jẹ́ kí kálukú wá ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jìnnà díẹ̀, ká dé Douala ní Cameroon, ìlú èbúté bíi tiwa. Ọdún 1991 ni Marilyn Douala Bell àti ọkọ rẹ̀ Didier Schaub dá àjọ doual'art sílẹ̀ níbẹ̀. Ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Ndogpassi III, ìsun omi kan wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń pọnmi. Philip Aguirre, agbẹ́gilére láti Antwerp ní Belgium, rí ibẹ̀ lọ́dún 2010. Kò gbé ère kan wá nàró síbẹ̀. Ó fi kọnkéré ṣe àtẹ̀gùn gbàgede yí ìsun omi náà ká, tí ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi láìyọ̀ ṣubú, tí wọ́n tún lè jókòó sí láti wo eré tàbí láti ṣèpàdé. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá ń gbé garawa lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ń rìn lórí iṣẹ́ ọnà, kò sì ní láti mọ orúkọ ẹni tó ṣe é kó tó jàǹfààní rẹ̀.

Ní Senegal náà, lábúlé Sinthian tó jìnnà réré sí Dakar, ilé kan wà tó ń jẹ́ Thread, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015. Toshiko Mori ló ya àwòrán rẹ̀. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí yóò máa gbe omi òjò jọ fún abúlé. Yàrá àlejò oníṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé kan náà ni ìpàdé ìlú àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń wáyé. Bí oníṣẹ́ ọnà kankan kò bá tilẹ̀ wá lọ́dún kan, ilé náà ò ní ṣófo.

Ohun tó so Òṣogbo, Ndogpassi àti Sinthian pọ̀ ni pé wọ́n fún àlejò ní àkókò tó tó, wọ́n fún onílé láyè láti sọ̀rọ̀, nǹkan kan sì kù sílẹ̀ tí onílé ń lò. Níbi tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yẹ̀, iṣẹ́ náà máa ń di ìpolongo fún ẹni tó wá. A ti rí irú rẹ̀: ẹni tó ya àwòrán ọmọ wa létí gọ́tà, tó lọ pàtẹ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí ọmọ náà kò sì rí àwòrán ara rẹ̀ rí.

Ó tún yẹ ká mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà tó bá jáde sí àárín ìlú lè fa ìbínú. Ní Èjìgbò, tí kò jìnnà sí wa, Jelili Atiku tó máa ń fi aṣọ àti ìrìn tó jọ ti eégún ṣeré láàárín ọjà àti títì ìlú rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ Prince Claus lọ́dún 2015. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un nítorí eré kan tó ṣe ní Èjìgbò, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n tó fagi lé ẹ̀sùn náà lọ́dún yẹn kan náà. Àdúgbò tó bá pe oníṣẹ́ ọnà wá gbọ́dọ̀ múra láti dúró tì í, nítorí pé òótọ́ ìlú kì í dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú.

Kí ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè bá wa ṣe ní Mile 2? Ó lè jókòó ti àwọn awakọ̀ ní gáréèjì fún oṣù kan kó tó fa ilà kan sórí ìwé. Ó lè bá àwọn mẹkáníìkì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú irin tí wọ́n ti jù nù. Ó lè bá àwọn tó ń gbé létí ọ̀sà wo ọ̀rá tó dí ojú omi wọn. Ó lè bá àwọn tó rántí ọ̀wọ́ tírélà tó máa ń dí ọ̀nà Àpápá sọ ohun tó ná wọn. Ní pàtàkì jù lọ, ó lè kó ìrántí àwọn àgbà tó mọ Amúwo ṣáájú 1977 jọ, pẹ̀lú ti àwọn tó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Festac, ìbáà jẹ́ Àwórì, Ẹ̀gùn, Ìgbò tàbí Ìjọ̀. Wọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ ilé ìwé níbí kò sì mọ ìdí tí ìlú wọn fi ń jẹ́ Festac.

Kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá: oṣù mélòó lo fẹ́ gbé? Ta ló ń sanwó, ṣé àwọn tó bá ọ ṣiṣẹ́ náà á gbowó? Ta ló ni iṣẹ́ náà bó bá parí? Kí lo máa fi sílẹ̀ tí a óò máa lò? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tẹ́ wa lọ́rùn, ó yẹ ká gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kò dìgbà tí ìjọba bá tún ṣe ayẹyẹ olówó gọbọi. Ẹgbẹ́ onílé kan lè yọ̀ǹda yàrá kan fún oṣù mẹ́fà. Ilé ìwé kan lè yọ̀ǹda kíláàsì kan lẹ́yìn ìjókòó ọ̀sán. Ìyálọ́jà lè pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ọba àti àwọn baálẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń yàwòrán láìrí ibi ìṣiṣẹ́, lè jẹ́ àlejò àkọ́kọ́ nínú yàrá yẹn. Oníṣẹ́ ọnà kan, yàrá kan, oṣù mẹ́fà, àti àdúgbò tó mọ ohun tó ń béèrè: ó tó láti bẹ̀rẹ̀.