Gìtá Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Ẹni Tí Ó Tún Un Ṣe

Nínú iṣẹ́ àkójọ wa ní Ìgólò, orúkọ orin, orúkọ akọrin àti ọdún tí rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ni a sábà máa ń kọ sílẹ̀. A kì í sábà béèrè ohun tí olórin fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí padà lára ohun èlò rẹ̀. Àléébù ni, nítorí ìmọ̀ púpọ̀ fara sin síbẹ̀. Ìtàn gìtá oníná yóò jẹ́ kí ó yé wa.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Gibson ti fi orúkọ olórin kan, Les Paul, pe gìtá láti 1952. Ṣùgbọ́n ti B.B. King ló bá ọ̀rọ̀ wa mu jù. Inú gìtá tí ó ń lò ṣófo, ihò méjì sì wà lójú rẹ̀. Bí ohùn bá ti inú gbohùngbohùn jáde, á padà wọ inú gìtá, á mì í, gìtá á sì máa hu. King wá ń ki aṣọ bọ inú rẹ̀ kí igbe náà lè rọlẹ̀. Nígbà tí Gibson gbé Lucille jáde fún un ní 1980, wọn kò dá ihò lu sójú rẹ̀ mọ́. Ohun tí olórin fi aṣọ wá ojútùú sí ti di iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́.

Eddie Van Halen ra ara gìtá lọ́tọ̀, ó ra ọrùn lọ́tọ̀, ó sì tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ní 2007, Fender ṣe ẹ̀dà 300 rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 25,000 dọ́là. Wọ́n ṣe àfarawé ojú ibi tí sìgá ti jó o pàápàá.

Ní ilẹ̀ wa níbí, Lionel Loueke, tí a bí ní Kútọnu ní 1973, rí i pé okùn gìtá ṣọ̀wọ́n nígbà èwe rẹ̀. Ó ń fi ọtí kíkan fọ èyí tí ó ti dọ̀tí. Bí ó bá já, ó ń fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó di ẹni tí ń bá Herbie Hancock ṣeré káàkiri ayé, ó ń ki bébà sáàárín okùn kí gìtá lè dún bí kora.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Onílù bàtá ń fi ìda sójú ìyáàlù kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? A kò fi orúkọ ẹnì kan pè é. Ìran Àyàn ló ni ín, bàbá sì ń fi han ọmọ.

Gìtá kò ní agbo ilé bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Ayinde Bakare ti mú gìtá oníná wọ orin jùjú ní ìparí àwọn ọdún 1940, olúkúlùkù ló ń dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bí onígìtá bá kú, wọ́n lè ta gìtá rẹ̀ sọ́jà tàbí kí wọ́n gbé e kọjá sí Ìdírókò. Ẹni tí ó rà á á tú wáyà tí kò yé e dànù. Bí ọgbọ́n náà ṣe parẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti olùwádìí, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olórin àgbà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Kí lẹ yí padà? Kí ló ń dà yín láàmú kí ẹ tó yí i? Ta ló bá yín ṣe é, ní ọdún wo? Ṣé ẹ lè ta á kí a gbọ́? Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn gìtá náà àti inú rẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Ilé iṣẹ́ ńlá kò ní wá fi orúkọ àwọn bàbá wọ̀nyí pe gìtá. Àwa ni ó yẹ kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀.