Ẹ̀gẹ́, Gàrí àti Àwìn: Bí A Ṣe Lè Ran Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké Lọ́wọ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ní ìlú méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ọkọ́ àti àdá, irúgbìn àti ajílẹ̀ ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. A kì í sábà rántí obìnrin tí ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà, alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ọkọ́, tàbí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bí àwọn wọ̀nyí bá palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, oko wa kò ní pẹ́ di igbó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀gẹ́ yẹ̀ wò. Nàìjíríà ni ó ń mú ẹ̀gẹ́ jáde jù lọ ní gbogbo àgbáyé, ẹ̀yin náà sì ń gbìn ín ní Àkókó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu. Iṣu tí a wà lè wà nínú abà fún oṣù mélòó kan; ẹ̀gẹ́ tí a bá fà tu kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Omi ni ó sì ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Nǹkan bí kìlógíráàmù 4 tàbí 5 ẹ̀gẹ́ tútù ni ó ń di kìlógíráàmù kan gàrí. Ẹni tí ó bá di ẹ̀gẹ́ tútù sínú ọkọ̀ ní Ọ̀kà, tí ó gba Àkùngbá kọjá láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn títí ó fi dé Ìkàrẹ́, orí omi àti èèpo ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ọkọ̀ rẹ̀ lé. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun kò ní san owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, ẹ mọ ibi tí owó ọkọ̀ gun òkè dé. Nítorí náà, obìnrin tí ó gbé agbada gàrí kalẹ̀ nítòsí oko yín ń dín ìnáwó yín kù, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún yín.

Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀. Yóò bó ẹ̀gẹ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ kí a bá a lọ̀ ọ́, yóò dì í sínú àpò, yóò fi í sílẹ̀ kí ó kan, yóò fi jáàkì tàbí òkúta ńlá tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, yóò fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ó tó wá jókòó ti iná nínú èéfín. Ní gbogbo ìpele yìí ni owó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀: sọ́wọ́ àwọn tí ó bá a bó o, sọ́wọ́ oníẹ̀rọ, sọ́wọ́ onígi ìdáná. Àwọn wọ̀nyí kì í gbé jìnnà sí i. Owó gàrí tí ẹ san fún un ní òwúrọ̀ lè dé ọwọ́ ẹni mẹ́rin ní àdúgbò kan náà kí oòrùn tó wọ̀.

Àwìn ni ó ń pa irú òwò yìí ju ohunkóhun lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ká ní obìnrin kan ní ₦50,000, tí ó fi ra ẹ̀gẹ́, tí ó sì fi san owó ẹ̀rọ, igi àti ọkọ̀, tí gàrí rẹ̀ wá tó ₦60,000. Èrè ₦10,000 ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 12 bá ra gàrí ₦3,000 lọ́kọ̀ọ̀kan ní àwìn, ₦36,000 ti wà níta, ₦24,000 péré ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀gẹ́ tí yóò lè rà kò ní tó ìdajì èyí tí ó rà tẹ́lẹ̀. Ta ni ẹ̀gẹ́ yòókù yóò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́? Àgbẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé àgbẹ̀ náà gan-an wà lára àwọn 12 tí ó jẹ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ àwìn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n sì ń tà á ní àwìn, ni a sọ ní Òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn a ní àwọn kò ní dìde àfi bí àwọn bá gba owó àwọn. Ìyá onígàrí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò yín ni. Ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà, àbúrò rẹ̀ sì lè jẹ́ ìyàwó ilé yín. Ojú ń tì í láti béèrè, ìtìjú yẹn ni ó sì ń jẹ owó rẹ̀ tán.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí Náírà tuntun kò tó nílẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń tò níwájú báǹkì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó rí oúnjẹ jẹ ní àkókò náà nítorí pé oníṣòwò àdúgbò gbà láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Bí orúkọ yín bá ṣì wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí di òní, ẹ má ṣe dúró kí a rán yín létí.

A kò sọ pé kí ẹ má gba àwìn rárá. Owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù bí ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tí ó gbin kòkó sì ní láti dúró de ìgbà ìkórè. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ lójú yín. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, ẹ san ìwọ̀n tí ó wà lọ́wọ́. Bí kò bá sí owó rárá, ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ẹ lè fi agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mélòó kan san án, bí ẹ bá ti jọ fi ohùn sí iye rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ ọ́.

Ní ti ìdúnàádúrà, àṣà wa ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ó máa ń yà wá lẹ́nu pé ẹni tí kò jẹ́ ná owó lẹ́nu nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ₦50 pẹ̀lú aláta. Bí ẹ bá sì fi fóònù sanwó, ẹ má ṣe kúrò níwájú rẹ̀ títí owó náà yóò fi wọlé. Àwọn oníjìbìtì ti fi ìwé ìsanwó èké kó ọjà ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ẹ gbé aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ fún télọ̀ àdúgbò kí oṣù kẹsàn-án tó dé, kí ẹ sì fún un ní owó díẹ̀ ṣáájú. Alágbẹ̀dẹ wulẹ̀ ń fẹ́ kí ẹ padà wá sọ bí ọkọ́ rẹ̀ ti ṣe lóko: bí ó bá wúwo jù, tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá tètè kú, yóò tún un ṣe, èyí tí ẹni tí ó rọ ọkọ́ sínú páálí láti òkè òkun kò lè ṣe fún yín.

Àwa kò wá sọ fún yín pé kí ẹ ra ọjà tí kò dára nítorí àánú. Oníṣòwò tí ó bá tẹ ìdí kóńgò wọlé, tàbí tí ó ta gàrí tí kò yan dáadáa, tí ó sì hu funfun kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ara rẹ̀ ni ó ń lé oníbàárà fún. Ẹ sọ fún un ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣe àtúnṣe, ẹ sọ èyí ní gbangba, pàápàá fún àwọn àlejò. Láti ọdún 1999 tí yunifásítì ti kó wá sí Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jẹ gàrí kò kéré, ẹnu yín ni wọn yóò sì fi mọ ibi tí gàrí tí ó dùn wà.

Àwọn oníṣòwò fúnra wọn lè da owó pọ̀ bí àwọn baba wa ti ń dá èsúsú, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí agbára ẹnì kan kò ká. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó láti ta èso wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, yálà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ibẹ̀, bí ọjọ́ ọjà bá pé, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá onígàrí, kí ẹ ní kí ó ṣí ìwé rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí ó kọ síwájú orúkọ yín.