Bọ́ọ̀lù Kún Ìlú, Pápá Ṣófo

Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, èmi ò gbà pé àwọn ará ìlú kéékèèké wa ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ gba àdúgbò mi ní Ṣágámù kọjá lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń kojú Chelsea, ẹ ó gbọ́ ariwo. Ọmọ tí kò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ á ka orúkọ àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Liverpool fún yín láì sinmi. Ẹ wá bi í pé ta ni aṣọ́lé Remo Stars, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí. Á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á ní, “Bàbá, ẹ ẹ̀ ní pa mí lẹ́rìn-ín.”

Bẹ́ẹ̀ Remo Stars kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Ipò kejì ni wọ́n ṣe nínú líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2023, ipò kejì náà ni lọ́dún 2024, nígbà tó di 2025 wọ́n gba ife. Ìkẹ́nnẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nítorí Awólọ́wọ̀ ló di ìlú àwọn tó na gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà sínú bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, mo ti jókòó nínú pápá yẹn tí mo ń gbọ́ ohùn kọ́óṣì ketekete bó ṣe ń pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó padà sẹ́yìn. Níbi tí èrò bá pé sí, ta ló ń gbọ́ ohùn kọ́óṣì?

Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibẹ̀ wé e, kí ẹ lè mọ ohun tó ń dùn mí. Láti 1998 ni Shooting Stars ti gba ife líìgì kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti di bàbá ọlọ́mọ. Àmọ́ tí Shooting bá ń gbá a ní Adámásingba, ẹ ó rí àgbàlagbà tó wọ búbá, ẹ ó rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù wá, ẹ ó sì gbọ́ èébú tó dùn létí. Ẹgbẹ́ tí kò gba ife lérò, ẹgbẹ́ tó gbà á ò ní. Kí ló fà á?

Èrò tèmi ni pé ojúlùmọ̀ ló ń mú èèyàn lọ sí pápá. Lọ́dún 1976, nígbà tí wọ́n ń pe Shooting Stars ní IICC, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní 4–1 n’Íbàdàn, wọ́n sì gba ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn agbábọ́ọ̀lù náà? Mudashiru Lawal ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣégun Odégbàmí kàwé ní Pólì Ìbàdàn. Èèyàn ń bá wọn pàdé lójú títì, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń bá wọn jà tí wọn ò bá gbá a dáadáa. Nígbà tí Zamalek na Shooting nínú àṣekágbá ọdún 1984, tí gómìnà ológun wá tú ẹgbẹ́ náà ká, inú bí ará Ìbàdàn bí ẹni pé wọ́n gba ilẹ̀ ìdílé lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà padà wá, àwọn èrò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè é.

Ní ìlú kékeré lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á dé láti Jos tàbí Wàrí, wọ́n á fi í sí kám̀pù, á gbá bọ́ọ̀lù ní sáà kan tàbí méjì. Kí ìyá alákàrà tó mọ orúkọ rẹ̀, ó ti bá ti Yúróòpù lọ. Mi ò dá a lẹ́bi, iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni kí ará ìlú wá wò?

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Olówó kan, Kunle Soname, ló ni Remo Stars, owó rẹ̀ ló sì gbé wọn débi tí wọ́n dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a ti dàgbà, a kàn rántí Abiola Babes ti Abẹ́òkúta tó gba ife FA lọ́dún 1985 àti 1987, a rántí Leventis United tó gba tirẹ̀ lọ́dún 1984 àti 1986. Méjèèjì ò sí mọ́. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tàbí iléeṣẹ́ kan ni ẹ̀mí wọn wà, nígbà tó sú ẹni náà, ó tán. Ní Jámánì, òfin líìgì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ju ìdajì ìbò lọ nínú kíláàbù wọn, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń bínú níbẹ̀ tí wọ́n bá fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì: nǹkan wọn ni.

Àwọn èèyàn máa ń ní tẹlifíṣọ̀n ló bà á jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí Kanu ti wọ Arsenal lọ́dún 1999 ni ọ̀pọ̀ ilé ti yan ẹgbẹ́ òyìnbó bí ẹní yan ṣọ́ọ̀ṣì. Àgàgà lọ́jọ́ Sunday: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni líìgì wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà òtútù tiwọn aago mẹ́ta wa ni ti ìlú òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀, òmíràn tún ń bọ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Àmọ́ kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n nìkan ni. Ẹ wá wo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé mi. Pákó ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì, tapólì ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà ni pátákó dúdú wà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹni tó ń bá ẹnì kan gbá àti aago rẹ̀ sí i. Onílé náà mọ orúkọ gbogbo wa, ó ń yá èèyàn ní àwìn, ó ń fi àwọn Man U ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò tíì rí irú pátákó bẹ́ẹ̀ fún eré ilé wa ní ọjà tàbí ní gáréèjì.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ìyàwó mi bá mi lọ rí, sí pápá kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí obìnrin lè wọ̀. Kò bá mi lọ mọ́, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ kíláàbù, ẹ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Friday, ẹ fún àwọn ọmọ ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Ọmọ tó bá gbà á á fa bàbá rẹ̀ dání wá. Ẹ kọ eré yín sí pátákó ní gáréèjì. Ẹ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe kí ẹ tó ra ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n gbá. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà, Man U ò ní mọ̀ tí ẹ ò bá wá lọ́jọ́ Sunday kan. Ìkẹ́nnẹ́ á mọ̀.