Ilẹ̀kùn tí Java tì, àti kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ilé ni onílé máa ń fi han àlejò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú Java, èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1995. Ẹni tó ń kọ ètò lè kọ private síwájú ohunkóhun tí kò fẹ́ kí apá mìíràn nínú ètò náà fọwọ́ kàn.

Ká ní ẹnì kan kọ ètò tó pè ní Iwe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Iye tí ọmọ ẹgbẹ́ ní wà nínú field kan, ìyẹn àyè ìpamọ́, tó ń jẹ́ owo, private sì ni. Method kan ṣoṣo, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́, ló lè yí iye náà padà, ó sì máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni náà fẹ́ gbà ju ohun tó ní lọ. Bí ètò mìíràn bá dárúkọ owo ní tààrà, Java yóò kọ̀ jálẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà, reflection ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ́ kí ètò yẹ inú ètò wò nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò fi getDeclaredField wá owo rí, yóò pe setAccessible(true), yóò sì fi setInt kọ iye tó wù ú. Bó bá kọ -5000, ibẹ̀ ló máa wà. Method tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Bó bá jẹ́ method ló jẹ́ private, getDeclaredMethod ló ń wá a rí, invoke ló sì ń mú un ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ni Java fúnra wọn ló gbà á láàyè: láti ọdún 1998 ni setAccessible ti wà níbẹ̀. Hibernate àti Spring, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò, ń fi í ṣiṣẹ́ tó tọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé private lè dènà olè ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀kan lára ewu ibẹ̀ ni pé onílé lè tún ilé rẹ̀ tò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Títí di Java 8, inú field private kan tó ń jẹ́ value ni String ń kó lẹ́tà sí, char[] sì ni. Nígbà tí Java 9 dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ó di byte[], kí ọ̀rọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì lè gba ìdajì àyè. (Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ kò jẹ nínú àǹfààní yìí.) Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé kò mọ nǹkan kan; ètò ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé, tó ń retí char[], dojú dé.

Java 9 náà bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Láti Java 16, oṣù Kẹta ọdún 2021, ìkìlọ̀ ti parí: ètò tó bá fipá wọ inú Java yóò bá InaccessibleObjectException pàdé, àyàfi bí ẹni tó ń lò ó bá fi --add-opens dárúkọ ibi tó fẹ́ kó ṣí.

Ṣùgbọ́n ilé Java fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n tì báyìí. Iwe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì ṣí sílẹ̀ fún reflection, àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá fi í sínú module tí kò ṣí fún ará ìta.