Ẹni Tó Nílé Tí Kò Ní Ibùgbé

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, ilé, ni a fi ń pe yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, agboolé tí wọ́n bí i sí àti ìlú tí baba rẹ̀ ti wá, ìdí sì nìyí tí ó fi ṣòro láti pe ọmọ Yorùbá kan ní aláìnílé kí ó má bínú. Àgbẹ̀ Ìbàdàn tí ó ń lo ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún ní abà, ìyẹn ibùdó kékeré tí àwọn àgbẹ̀ tẹ̀ dó sí ẹ̀bá oko wọn, kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí kò nílé, nítorí pé oko ni ó wà, ó sì mọ ìgbà tí yóò padà sí agboolé rẹ̀.

Èkó ni àwọn ìtumọ̀ yìí ti pínyà. Ẹni tí ń sùn lábẹ́ afárá Òṣòdì tàbí ti Ọbáléndé lè ní ilẹ̀ baba ní Ìṣẹ́yìn. Owó ilé ni kò ní. Àwọn onílé kì í sábà gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Owó ọdún kan tàbí ti méjì ni wọ́n máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó ajẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì tó wá gun orí rẹ̀. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ìyálégbé ní ọdún 2011 kò fi àyè gba kí wọ́n gbà ju ti ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n alábàárù tí ń jẹ owó òòjọ́ kò lè kó ti ọdún kan náà jọ. Nígbà tí ọjà bá tú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ a tẹ́ páálí síwájú ṣọ́ọ̀bù kan, a fi àpò aṣọ rẹ̀ rọrí kí olè má baà gbé e, a sì ti dìde kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó dé. Lẹ́yìn tí ó bá san owó balùwẹ̀, yóò wọ ọjà bí ẹni tó ti ilé wá. Ọmọṣẹ́ télọ̀ a máa sùn sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, kọ́ńdọ̀ a sì máa sùn sórí àga dáńfó. Kò rọrùn láti ka iye wọn, nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń ká ibùsùn wọn.

Àwọn mìíràn ní ibùgbé tẹ́lẹ̀ kí ìjọba tó wó o. Ní ọdún 1955, LEDB, àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ láti tún ìlú Èkó tò, bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín ìlú, ó sì ń kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1961, rí i pé àwọn obìnrin tí ń tajà ní àdúgbò wọn àtijọ́ pàdánù oníbàárà, pé owó ọkọ̀ ń jẹ èrè run, àti pé ẹbí kò lè máa yà kí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé tuntun náà gbòòrò, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n agboolé kò bá wọn dé ibẹ̀. Ti Màrókò, àdúgbò kan ní Èkó, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Rájí Ràsákì ní ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará àdúgbò náà, tí wọ́n fojú bù sí 300,000, ní ọjọ́ méje péré kí katakata tó wọlé. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n fún ní ilé, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì parí, ní Ìlàsàn àti Ìkọ́tà.

Ìjọba pàápàá mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ náà, ilé, yí ènìyàn po. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ọkọ̀ kó àwọn aláìní kan lọ sí Onitsha nílẹ̀ Ìgbò lórúkọ pé wọ́n ń dá wọn padà sílé. Ariwo tí ó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá tọrọ àforíjì lóṣù Kẹsàn-án.

Bí ọdún Iléyá bá sún mọ́lé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú gbólóhùn "ilé yá" ni orúkọ rẹ̀ ti wá, àwọn tí ń sùn lábẹ́ afárá náà máa ń ra búrẹ́dì fún àwọn ará ilé, wọn a sì wọ ọkọ̀. Bí àwọn àgbà agboolé bá béèrè ibi tí wọ́n ń gbé ní Èkó, wọn a ní Òṣòdì ni, irọ́ kọ́ sì ni.