Bí Ooru Iná Igi Kò Ṣe Ní Máa Ṣòfò

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àmọ́ ó ń da ooru nù. Nínú ooru tí igi ń mú wá lórí ààrò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tó ń wọ ìkòkò kì í sábà ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ìyókù ń bá atẹ́gùn lọ. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí iná igi ṣì wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé fún iṣu iyán àti oúnjẹ ìnáwó, owó igi ló ń bá a lọ yẹn.

Dídí ẹ̀gbẹ́ ààrò ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Amọ̀ ni wọ́n ń mọ yí i ká, kí ẹnu kan ṣoṣo kù fún igi àti atẹ́gùn. Ìkòkò á wọ inú ògiri amọ̀ náà díẹ̀, àlàfo tó yí i ká kò sì ní ju ìbú ìka kan lọ, kí iná lè máa lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó ti ń ròkè. Bí àlàfo bá há jù, èéfín á padà sẹ́nu ààrò. Eérú tó bá kún abẹ́ igi náà ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Kíkó ni wọ́n ń kó o.

Igi tútù ló ń jẹ ooru jù. Omi lè tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi náà jáde. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí wọ́n la igi kòkó tó ti gbó wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì tò ó sábẹ́ òrùlé kí òjò tó dé.

Lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń gé sílẹ̀ ní sọ́mìlì náà ń dáná. Wọ́n á lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ agolo ńlá, wọ́n á gbé ìgò dúró láàárín, wọ́n á sì ki igi róbótó gba ihò náà títí yóò fi kan ìdí ìgò. Wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ yí wọn ká, wọ́n á gún un le, kí wọ́n tó rọra yọ igi àti ìgò. Ojú ihò tó kù ni atẹ́gùn ń gbà, iná á sì máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ síta fún wákàtí mélòó kan. Èyí tí wọn kò bá gún le á ya lulẹ̀, á sì pa iná.

Ìdérí ìkòkò ń dá ooru dúró. Bí omi bá ti hó, kí wọ́n fa igi sẹ́yìn: omi tó ń hó yaya kò gbóná ju èyí tó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ, igi nìkan ló ń jẹ tán.