Iná Ọdún Tí Kò Ní Tíkẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Ògún ọdún 2023, iná mànàmáná di ọ̀wọ́n gógó ní Niamey, olú ìlú Niger. Àwọn ológun ti gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ, àwọn olórí ECOWAS fi ìyà jẹ orílẹ̀-èdè Niger, Nàìjíríà sì gé iná tó ń tà fún wọn. Nǹkan bíi ìdá 70 nínú 100 iná tí Niger ń lò nígbà náà ló ń ti Nàìjíríà wá. Ẹni tó lówó epo tan jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ní sọ́là dúpẹ́, àwọn yòókù ń kó ọjà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n ṣe bá a wọ oṣù Ọ̀pẹ nìyẹn. Nínú oṣù Ọ̀pẹ yẹn kan náà, tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn ń rọ́ lọ sí òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island, l'Ékòó, wọ́n ń lọ wo iná ọdún tí ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó rí i.

Ajose Adeogun ni olú ilé iṣẹ́ Zenith Bank wà, báńkì náà ló sì máa ń fi iná ṣe òpópónà ọ̀hún lọ́ṣọ̀ọ́ bí Kérésìmesì bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á fi gílóòbù wẹ́wẹ́ yí igi ká láti ìdí dé ẹ̀ka. Wọ́n á gbé ère Bàbá Kérésì kalẹ̀, wọ́n á da iná bo ráńdábaòtù. Tó bá ti di bí aago méje alẹ́, ọmọ á gun ọrùn bàbá, ìyá á na fóònù sókè, àwọn tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun á máa pariwo iye tí wọ́n ń gbà. Gúgúrú wà, fìlà pupa wà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ dáadáa. Wíwò lọ́fẹ̀ẹ́, gúgúrú kì í ṣe ọ̀fẹ́ o.

Ìpolówó ọjà ni iná yẹn, kò sí àní-àní. Báńkì kì í ná owó lásán. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ajé tó le ti mú kí ọ̀pọ̀ òbí máa fojú fo ibi ìgbafẹ́ tó ń gbowó ìwọlé, ìpolówó tó jẹ́ kí ọmọ mẹ́ta gbádùn alẹ́ kan láìjẹ́ pé bàbá wọn yá owó, ẹni tó bá fẹ́ bú u á ronú ná.

Ohun tó so Èkó àti Niamey pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná ju báwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Odò Ọya ló gba ẹ̀gbẹ́ Niamey kọjá, abẹ́ afárá Kennedy ni omi rẹ̀ ń gbà wọ ìhà ìsàlẹ̀, ó di Nàìjíríà, ó di ìsédò Kainji tí wọ́n parí ní 1968. Láti 1976 ni wáyà ńlá kan sì ti ń gbé iná láti Birnin Kebbi padà lọ sí Niamey. Omi tó kọjá lójú wọn ló ń padà wá bá wọn ní iná. Nígbà tí ìjà òṣèlú bẹ́ sílẹ̀, omi kò dúró, iná ló dúró. Niger ti ń wá tirẹ̀ báyìí: ní Gorou Banda, lẹ́bàá Niamey, ilé iṣẹ́ sọ́là 30 mẹ́gáwáàtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023.

Niger náà mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná fún ọdún, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tabaski, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Mọ́lúúdì ló ń kó èrò lọ sọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsinmi ni ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín Ramadan, àwọn ọmọ Hausa á máa ti ilé dé ilé lálẹ́, wọ́n á ṣe eré tàṣe, wọ́n á gba ẹ̀bùn. Ẹni tó mọ ajísààrì nílẹ̀ wa á mọ irú ayọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọdún tí ìjọba máa ń náwó lé lórí tẹ́lẹ̀ ni ti ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ, ọjọ́ tí wọ́n kéde orílẹ̀-èdè olómìnira ní 1958. Wọ́n gbé e káàkiri ni: Dosso ní 2014, Maradi ní 2015, Agadez ní 2016, Tahoua ní 2017, Zinder ní 2018. Ìlú tó bá kàn máa ń rí ọ̀nà tuntun àti iná ojú pópó nígbà náà. Ọgbọ́n tó dára nìyẹn, nítorí òpó iná tí wọ́n bá ti rì mọ́lẹ̀ kì í bá àlejò padà sílé.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi ń kú níbi ayẹyẹ ọlọ́fẹ̀ẹ́? Ní òru tó mọ́ ọjọ́ kìíní ọdún 2013, ní Plateau l'Ábíjàn, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹjigbò ti sọ di ilé kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde lọ wo iná aláràbarà tí ìjọba yìn sójú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé ni wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó lé ní 60 tó kú, àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn tó yè sọ pé ìtì igi tí wọ́n gbé dínà ló há èrò mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, ní Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Íbàdàn, àríyá ọlọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé pa ọmọ 35. Ẹ̀bùn ni wọ́n ń wá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí èrò ti kún ẹnu géètì.

Ẹ wò ó dáadáa, ibi méjèèjì ní wákàtí kan pàtó, ibi méjèèjì ní ẹnu ọ̀nà tóóró. Iná Ajose Adeogun kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Kò sí ohun tí wọ́n ń pín níbẹ̀, kò sí ìgbà tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ dé tàbí kí gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá lè lọ lọ́jọ́ Sátidé á lọ lọ́jọ́ Túsídeè, iná kan náà ló máa bá. Ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ti ń tan iná lọ́jọ́ 8 oṣù Ọ̀pẹ láti 1852, nígbà tí àwọn ará ìlú gbé àbẹ́là sí ojú fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fi ṣe é báyìí, àwọn ọlọ́pàá sì máa ń darí ẹlẹ́sẹ̀ sí ìhà kan ṣoṣo ní àwọn ọ̀nà tó há.

Bí àwọn ará Niamey bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Grand Marché, ọjà ńlá ìlú wọn, ọgbọ̀n alẹ́ ààwẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bójú tó ni wáyà, nítorí ọjà náà jóná ní 1982 kí wọ́n tó tún un kọ́. Gílóòbù LED tí kì í gbóná bíi ti àtijọ́, tí kì í sì jẹ iná púpọ̀, ló yẹ irú ibẹ̀. Ta ni yóò sanwó? Ní Regent Street ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń kó ọmọ wọn lọ lóṣù Ọ̀pẹ, kì í ṣe ìjọba ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òpópónà náà ló gbé e kalẹ̀ ní 1954, torí wọ́n fẹ́ kí ọjà wọn tà.